Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Ìtọ́jú Ìlera fún Àwọn Tí Ogun Lé Kúrò Nílé

Ní oṣù keje ọdún 2025, Ètò Oúnjẹ Àgbáyé kéde pé owó ti tán lọ́wọ́ òun, pé òun yóò dáwọ́ oúnjẹ pàjáwìrì dúró fún ènìyàn 1,300,000 ní ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà, àti pé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àìjẹunrekánú ń bá jà ní Borno àti Yobe, tí ó lé ní 150, yóò tì. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń rọ́ dé sí ojú-ewé yìí. Àwọn kan fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́, inú ń bí àwọn kan, ẹ̀rù ara wọn sì ń ba àwọn mìíràn. A ti gé àwọn tí ó gùn kúrú, a sì ti yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa ti kó oògùn jọ láti ilé dé ilé: oògùn ibà tí a kò lò tán, oògùn ikọ́ olómi, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn apakòkòrò oríṣiríṣi, àti agolo wàrà ọmọ ìkókó. Ó ti kún àpò ìrẹsì mẹ́rin. Báwo ni a ṣe lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí ibùdó àwọn ogunléndé ní Maiduguri? (Ìyá ìjọ, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àánú, Mà, ẹ sì kú wàhálà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fi wọ́n ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìrìn tí ẹ ti rìn láti ojúlé dé ojúlé, ṣùgbọ́n ó sàn kí ó dùn yín ní Ìbàdàn ju kí ẹrù náà di ìnira fún àwọn tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Ẹ wo nọ́ọ̀sì tí àpò yín bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí àwọn aláìsàn ti tò lọ bẹẹrẹ ní iwájú rẹ̀. Ó ṣí àpò, ó bá káàdì oògùn tí hóró mẹ́rin péré ṣẹ́kù nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ti gé ibi tí ọjọ́ ìbàjẹ́ rẹ̀ wà sọnù. Ó bá ìgò ikọ́ tí wọ́n ti ṣí rí, tí ìdérí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oríṣi márùn-ún, èyí tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò tó ènìyàn kan lò fún oṣù kan. Kò lè fún ẹnikẹ́ni ní èyíkéyìí nínú wọn kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò sì lè dà wọ́n sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Oògùn apakòkòrò tí kò pé ìwọ̀n tún léwu, nítorí ó lè má wo àìsàn náà, kòkòrò tí kò pa sì lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ń sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà ogun Bosnia, láti ọdún 1992 títí di àárín ọdún 1996, àwọn tí ó ṣèwádìí rẹ̀ ṣírò pé oògùn tí kò wúlò tí àwọn aláàánú kó lọ síbẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 17,000, àti pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ni yóò náni láti pa wọ́n run. Ní ọdún 1996 kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn gbé ìlànà jáde lórí fífi oògùn tọrẹ. Lára ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé oògùn tí wọ́n béèrè fún nìkan ni kí a fi ránṣẹ́, pé ó gbọ́dọ̀ ku ó kéré tán ọdún kan kí ó tó bàjẹ́ nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, àti pé oògùn tí a ti fún aláìsàn kan rí tí ó kù kò gbọdọ̀ tún di ọrẹ fún ẹlòmíràn. Àwọn àjọ ńlá ní ẹrù oògùn pàjáwìrì kan tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí, tí wọ́n ti di sínú páálí sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣírò pé yóò tó ènìyàn 10,000 lò fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ẹni tí ó ń lò ó ti mọ̀, ìlànà bí a ṣe ń lò ó sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù nínú ẹrù yín ni wàrà ọmọ ìkókó náà. Ìyá tí ó wà ní ibùdó kò ní omi tó mọ́ tí yóò fi pò ó, kò ní igi ìdáná tí yóò fi se ìgò, bí agolo náà bá sì fẹ́ tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí bu omi là á. Ìgbẹ́ gbuuru ni ó máa ń tẹ̀lé e, ọmú ìyá tí ì bá gba ọmọ náà là yóò sì ti gbẹ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe fi lé ọwọ́ àwọn elétò ìlera nìkan, fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú tàbí tí kò sí bí yóò ṣe rí ọmú mu.

Owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́, Mà. Ẹ yan àjọ tí ó ń gbé ìṣirò owó rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn lọ́dọọdún. Bí ẹgbẹ́ bá sì kọ̀ jálẹ̀ pé ohun tí ojú rí ni àwọn fẹ́ fi ṣe ọrẹ, ẹ pe àjọ náà lórí fóònù kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí wọ́n sọ fún yín bóyá ọṣẹ, ẹní, àwọ̀n ẹ̀fọn tàbí páàdì àwọn obìnrin ni ó wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ní ti àpò mẹ́rin tí ó wà nílẹ̀ yìí, ẹ kó o lọ bá apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ó bá yín pa wọ́n run bí ó ti yẹ.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí àwòrán kan tí wọ́n fi rìbọ́n aláwọ̀ mẹ́ta wé apá ọmọ kan ní Borno, tí ìyá rẹ̀ sì ń fún un ní nǹkan kan jẹ nínú sáṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ẹ̀pà ni. Kí ló dé tí wọn kò fún un ní ògì àti ẹ̀wà bí a ṣe ń fún àwọn ọmọ tiwa? Àti pé, òótọ́ ni pé àwọn ìyá kan ń tà á lọ́jà? (Olùkọ́ àgbà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Rìbọ́n náà ni wọ́n fi ń wọn bí apá òkè ọmọ ṣe tóbi tó, láàrin èjìká àti ìgúnpá, ní apá òsì. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fi í wọ̀n. Bí apá bá ju sẹ̀ǹtímítà 12.5 lọ, àwọ̀ ewé ni yóò hàn, ọmọ náà kò sí nínú ewu. Láti 11.5 sí 12.5, àwọ̀ ìyeyè ni, ó ti ń jó rẹ̀yìn. Bí kò bá tó 11.5, pupa ni yóò hàn, ọmọ náà lè kú láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Kí ẹ lè mọ bí ó ṣe kéré tó, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀lá yín ṣe òrùka kí orí wọn kàn ara wọn. Apá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí, nọ́ọ̀sì yóò fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, yóò ka ẹyọ kan, èjì, ẹ̀ta, yóò sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jin kòtò ní ẹsẹ̀ méjèèjì tí kò sì padà sípò lójú ẹsẹ̀, omi ni ó wú ọmọ náà, kì í ṣe ẹran ara, kódà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá rí rọ̀bọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti rò pé ọmọ àwọn sanra.

Ohun tí ó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì náà ni ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ wàrà gbígbẹ, ṣúgà, òróró àti àwọn èròjà aṣaralóore. Gíráàmù 92 ni ó wúwo, agbára tí ó ń fún ara sì tó kálórì 500. André Briend, oníṣègùn ọmọdé tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Michel Lescanne ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1996. Kí ó tó dé, wàrà pàtàkì kan ni wọ́n fi ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, omi tí ó mọ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi pò ó, nítorí náà ilé ìwòsàn nìkan ni ó ti ṣeé ṣe. Ìyá yóò jókòó ti ọmọ kan níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà tí àwọn tí ó kù wà nínú àgọ́ láìsí ẹni tí yóò dáná fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í lè dúró, wọ́n á gbé ọmọ náà lọ kí ara rẹ̀ tó yá. Sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀pà yìí kò gba omi, kò gba iná, kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú ooru Borno. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti Ètò Oúnjẹ Àgbáyé jọ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi tọ́jú àwọn ọmọ náà nílé, kí ìyá máa wá gba ti ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tún ọmọ náà wọ̀n kí ó tó gba òmíràn.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó lè gbà á lọ sílé. Wọ́n á kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí i lẹ́nu níwájú nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ń lá a, tí ó sì ń na ọwọ́ sí i, ó lè máa lọ sílé. Bí ó bá yí orí kúrò, tàbí tí ó ní ibà líle, òtútù àyà tàbí ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá, ilé ìwòsàn ni yóò sùn, wàrà tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n á sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ara tí ebi ti pa dé góńgó kò lè gba oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Èyí náà ni ó fà á tí ògì kò fi lè ṣe é. Ògì dára fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ikùn ọmọ tí ó ti rù kò sì tóbi tó láti gba iye tí yóò fún un ní agbára. Ní ti ẹ̀wà, ta ni yóò rí igi ìdáná fi sè é jinná?

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá tí gbogbo ayé mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières, àjọ àwọn oníṣègùn tí kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè, wọ ìlú Bama ní Borno, níbi tí ènìyàn 24,000 ti há sí inú ọgbà ilé ìwòsàn kan tí àwọn ọmọ ogun ń ṣọ́, tí 15,000 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Wọ́n wọn apá ọmọ tí ó lé ní 800, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìjẹunrekánú rẹ̀ ti dé ìpele tí ó burú jù. Wọ́n tún ka sàréè tí ó wà nítòsí ibùdó náà, ó jẹ́ 1,233, ti ọmọdé sì jẹ́ 480 nínú wọn. Bama kò jìnnà sí Maiduguri ju nǹkan bí kìlómítà 70 lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ń tà á, àwọn tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń pín in fún gbogbo ọmọ ilé. Èmi kò lè pè é ní olè jíjà. Ìyá tí ó ní ọmọ márùn-ún tí ebi ń pa, tí wọ́n sì fún ní oúnjẹ ẹnìkan ṣoṣo, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe? Níbi tí oúnjẹ gbogbo agbo ilé bá ti ń dé déédéé, sáṣẹ́ẹ̀tì náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọjà, ìdí sì nìyí tí ìkéde oṣù keje ọdún 2025 yẹn fi burú ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún kẹrin mi nìyí ní ẹ̀ka àwọn tí ó fara pa. Mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn àjọ tí ó ń tọ́jú àwọn ogunléndé. Ẹnìkan ní òun lè bá mi ṣe é bí mo bá san owó fọ́ọ̀mù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. (Nọ́ọ̀sì, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Kò sí àjọ gidi kan tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wá iṣẹ́, orí ìkànnì tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ti ń kéde àyè tí ó ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ Hausa tàbí Kanuri, ó ti di àǹfààní ńlá fún yín. Bí ẹ kò bá gbọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Hausa láti òní.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ ni pé ọgbẹ́ ìbọn tí ẹ mọ̀ ọ́n tọ́jú kọ́ ni ó ń pa àwọn ogunléndé jù. Éèyi, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà àti ibà ni, tí àìjẹunrekánú sì ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí àgọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń sáré ṣe lákọ̀ọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára éèyi fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lítà omi 15 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́, àti ilé ìgbẹ́ kan fún ogún ènìyàn. Wọ́n tún ń ka òkú lójoojúmọ́. Bí ènìyàn kan bá ń kú nínú 10,000 lójúmọ́ kan, pàjáwìrì ni wọ́n ka ibẹ̀ sí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ lè jẹ́ pé kí ó máa rìn láti àgọ́ dé àgọ́ kí ó máa béèrè ẹni tí ó ń yàgbẹ́ àti ẹni tí ó kú lóru àná. Ẹni tí ó bá rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ sí ìwé ẹ̀rí òun yóò tètè rẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó Muna Garage ní Maiduguri. Omi òjò ti bo àwọn ilé ìgbẹ́ tí kò jìn, àwọn ènìyàn sì fún mọ́ ara wọn. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n fún nǹkan bí ènìyàn 900,000 ní àjẹsára onígbáméjì tí a ń gbé mì ní Borno. Ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ tí a ti rò pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà fún ọdún méjì tún yọ ní ìpínlẹ̀ kan náà, nítorí pé àwọn abúlé kan wà tí ẹni tí ń fún ọmọ ní àjẹsára kò lè dé. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó lè kéde pé irú àrùn náà tí ó ti ìpilẹ̀ wá ti kúrò ní Áfíríkà. Kò sí ìbọn nínú gbogbo èyí, ogun ni ó sì fà á.

Èmi kò ní tan yín jẹ lórí ewu. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ òfurufú ológun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù lu ibùdó àwọn ogunléndé ní ìlú Rann, ní Borno. Ìjọba ní àṣìṣe ni. Àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross ti Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2018, àwọn agbébọn wọ Rann kan náà, wọ́n pa àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́, wọ́n sì jí agbẹ̀bí méjì àti nọ́ọ̀sì kan gbé lọ. Wọ́n pa àwọn agbẹ̀bí méjèèjì náà kí ọdún tó parí. Ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn. Òyìnbó ni ojú ń rí nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ náà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí níbi gbogbo, àwọn náà ni ó sì máa ń kú jù. Ẹ jókòó sọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ará ilé yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ṣọ́jà, Borno ni ó kú sí. Mo wá gbọ́ pé àwọn dókítà wọ̀nyí kì í béèrè ẹni tí ènìyàn jẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Ṣé kí ọ̀tá lè tún padà wá yìnbọn ni wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́ rẹ̀? (Ẹni tí inú ń bí, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀fọ̀, Sà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ tún rí irú rẹ̀.

Òótọ́ ni ẹ gbọ́. Ìlànà náà ti pẹ́. Ní ọdún 1859, Henry Dunant, oníṣòwò ará Siwisí, rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní Solferino ní Ítálì tí kò sí ẹni tí ó ń tọ́jú wọn, àwọn obìnrin ìlú Castiglione tí ó wà nítòsí sì ń wẹ ọgbẹ́ wọn láìbéèrè ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n wà. Ohun tí ó rí yìí ni ó bí Red Cross ní ọdún 1863, àti Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ti fara pa, tí kò lè jà mọ́, ti di aláìsàn, dókítà sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Èyí kò dí òfin lọ́wọ́. Ìjọba lè mú un kí ó sì rò tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí nọ́ọ̀sì di adájọ́ ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Bí a bá tilẹ̀ fi ti àánú sílẹ̀, ìdí mìíràn wà tí ó kan ọmọ tiwa náà. Bí àwọn ènìyàn bá gbà pé ilé ìwòsàn kan jẹ́ ti apá kan, ojú ogun ni ó dà yẹn, àwọn aboyún àti àwọn ọmọdé tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kú. Pé a kọ òfin sílẹ̀ kò sì tó. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2015, ọkọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà lu ilé ìwòsàn Médecins Sans Frontières ní Kunduz, ní Afghanistan, ènìyàn 42 sì kú.

Ibi tí mo ti bá yín gbà ni pé àìdásí tọ̀tún-tòsì kò gbọdọ̀ di pípanu mọ́. Orí ilẹ̀ wa níhìn-ín ni àríyànjiyàn náà ti gbóná jù. Nígbà ogun Biafra, àwọn dókítà Faransé tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ Red Cross, Bernard Kouchner àti Max Recamier wà lára wọn, rí bí ebi ṣe ń pa àwọn ọmọdé, wọn kò sì fara mọ́ ọn pé kí àwọn máa tọ́jú kí àwọn sì dákẹ́. Àwọn kan nínú wọn àti àwọn akọ̀ròyìn ni wọ́n dá Médecins Sans Frontières sílẹ̀ ní Paris ní oṣù Kejìlá ọdún 1971. Irú àwọn dókítà tí ẹ ń bínú sí yìí ni ó sọ ohun tí ojú wọn rí ní Bama, wọ́n sì sọ ti Rann náà láìfi ti ìjọba ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá tọ́jú tí wọn kò sì sọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a bínú sí wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ àbúrò mi wà ní ibùdó kan ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, àwọn ọkùnrin kan sì fipá bá a lò pọ̀. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó rí ìtọ́jú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí. (Ẹ má dárúkọ ìlú mi)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Òfin ọdún 2015 tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn fún ẹni tí wọ́n hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú, ìtọ́jú sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwé. Àkókò ni ó ṣe pàtàkì jù. Oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró ṣì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún, bí ó bá sì ṣe tètè lò ó tó ni ó ṣe dára tó. Wọ́n á tún fún un ní abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ àti ti ipá, àti oògùn fún àrùn ìbálòpọ̀. Bí wákàtí 72 bá tilẹ̀ ti kọjá, ẹ jẹ́ kí ó lọ, ohun púpọ̀ ṣì wà tí wọ́n lè ṣe fún ara àti ọkàn rẹ̀. Kí obìnrin kan tí ó fọkàn tán tẹ̀lé e.

ÌBÉÈRÈ: Ní ọdún 2021, nígbà tí ìjà àwọn darandaran àti àgbẹ̀ le ní ìlẹ̀ Yewa, àwọn kan nínú wa sá gba ẹnubodè kọjá lọ sí Orílẹ̀-èdè Benin. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ni ẹ̀tọ́ wa sí ìtọ́jú, kí sì ni ó yẹ kí a gbé lọ́wọ́? (Àgbẹ̀, ìlẹ̀ Yewa)

ÌDÁHÙN: Bí ẹ bá kọjá ẹnubodè nítorí ìjà, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní ọdún 1969 dáàbò bò yín, ó sì gbòòrò ju ti àgbáyé ti ọdún 1951 lọ, nítorí ó ka ẹni tí rògbòdìyàn lásán lé kúrò nílé mọ́ ọn. Wọn kò gbọdọ̀ fipá dá yín padà sínú ewu. Benin mọ iṣẹ́ yìí; ní ọdún 2005 ni wọ́n gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Togo tí ó sá fún ìjà lẹ́yìn ìdìbò. Àwa náà ṣe é fún àwọn ará Liberia ní Orù-Ìjẹ̀bú láti ọdún 1990. Bí ẹ bá sì dúró sí Nàìjíríà, ọrùn ìjọba tiwa ni ẹrù náà wà lábẹ́ Àdéhùn Kampala ti ọdún 2009, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe fún àwọn tí a lé kúrò nílé ṣùgbọ́n tí wọn kò kọjá ẹnubodè, tí Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí. Bí ìbọn bá sì ba ẹnikẹ́ni, òfin ọdún 2017 sọ pé gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá.

Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sá, ilé àwọn ìbátan ni wọ́n máa ń wọ̀, kì í ṣe àgọ́, pàápàá níbi tí Kétu àti Yewa ti jẹ́ ẹbí kan náà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń pín oògùn àti abẹ́rẹ́ kì í mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀ àti ní ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí.

Ní ti ohun tí ẹ ó gbé, ẹ fi káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìwé yín yòókù. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ife tàbí tí ó ń lo oògùn HIV gbọ́dọ̀ ní oògùn oṣù kan nílé nígbà gbogbo, kí ó sì kọ orúkọ oògùn náà gan-an sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un, nítorí páálí tí wọ́n ń tà ní ìlú Kétu lè yàtọ̀ sí ti Ìmẹ̀kọ. Ẹ mú ṣíbí ìrotíì kan, ṣúgà àti iyọ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ kí ẹ tó dé ibi tí nọ́ọ̀sì wà, lítà omi kan tí ó mọ́, ṣíbí ṣúgà mẹ́fà tí a rẹ́ lójú àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ ni kí ẹ pò fún un, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má sì dá ọmú dúró. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọ inú, tàbí tí kò lè mu ún mọ́, ẹ gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn.